Ọmọ ọdẹ ní Kétu ń bèèrè: ṣé ẹran igbó náà ń ní jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdẹ ni mí, Kétu níbí la wà. Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa àbúrò màmá mi lọ́dún tó kọjá, àtìgbà náà ni bàbá mi ti ń sọ pé àìsàn ayé òde òní ni, oúnjẹ agolo ló fà á, torí látìgbà táwọn ti ń pa ìgalà, ẹtu àti òkété, àwọn ò rí èyí tó ní jẹjẹrẹ rí. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Ọdẹ, Kétu)

Ìdáhùn: Ọmọ Ọdẹ, ẹ kú àmúmọ́ra o, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ bá wa kí bàbá, ohun tójú wọn rí ni wọ́n sọ, wọn ò parọ́. Àmọ́ ẹran igbó ń ní jẹjẹrẹ, ó sì ti pẹ́ kéèyàn tó dáyé: lọ́dún 2020 làwọn onímọ̀ kéde jẹjẹrẹ eegun tí wọ́n rí lẹ́sẹ̀ dáínósọ̀ kan, ẹranko ayé àtijọ́ tírú ẹ̀ ti run, tí wọ́n hú ní Alberta ní Kánádà, Centrosaurus lorúkọ ẹ̀, ó ti kú láti bíi mílíọ̀nù 76 ọdún sẹ́yìn. Agolo wo ló wà nígbà yẹn?

Sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tìn-tín ló para pọ̀ di ara gbogbo wa, wọ́n sì ń pín ara wọn sí méjì méjì, tí wọ́n bá fẹ́ pín wọ́n á kọ́kọ́ ṣe àdàkọ ìwé àṣẹ inú wọn, jíìnì la ń pe ìyẹn, ẹni tó bá sì ń da ìwé kọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọjọ́ kan á ṣàṣìṣe. Tí àṣìṣe náà bá lọ bọ́ sórí ìlà tó ní "ó tó, dúró", sẹ́ẹ̀lì yẹn ò ní gbọ́ràn mọ́, á kàn máa bí sí i ṣáá ni.

Ẹ ó ní kí ló dé tí irú ẹ̀ ò tíì tán láyé látọjọ́ yìí. Ohun tó wà lára ẹran tó bá bímọ púpọ̀ ló ń kọjá sára ìran tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n náà nìyẹn, jẹjẹrẹ tó bá wá dé lẹ́yìn tẹ́ran ti bímọ tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn ọmọ ti gba jíìnì yẹn lọ. Òkété tí bàbá ń pa, mélòó nínú wọn ló ń darúgbó? Ejò wà ńbẹ̀, pàkúté wà ńbẹ̀, iná ìgbẹ́ ń bọ̀ lọ́ọ̀ẹ̀rùn. Èyí tára ẹ̀ ò sì yá, ẹran míì ti pa á jẹ kí bàbá tó tan iná orí wọn. Àti pé ká sòótọ́, tọ́dẹ bá rí kókó lára ẹran, ṣé ó ń gbé e lọ fún dókítà ni àbí ó ń gé e sọ nù kó yan ìyókù? Bàbá, ẹ má bínú o.

Ọ̀rọ̀ tó tún gbe bàbá lẹ́yìn rèé. Lọ́dún 2022 wọ́n gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí àkọsílẹ̀ ẹran 110,148, oríṣi 191, inú ọgbà ẹranko ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń jẹ ẹran ni jẹjẹrẹ ń pa jù, àwọn tí pátákò wọn là sí méjì ló sì kéré lára wọn jù. Ìgalà ńkọ́, ẹtu ńkọ́? Pátákò wọn là!

Ti erin ló wá yà mí lẹ́nu. Ẹran tó tóbi tó yẹn, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ pọ̀ tó sì ń pẹ́ láyé, ó yẹ kí àṣìṣe pọ̀ lára ẹ̀ ju teku lọ fíìfíì, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Richard Peto, onímọ̀ nípa àìsàn, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pe àkíyèsí síru ọ̀rọ̀ yìí láàárín èèyàn àti eku láti 1977. Ìgbà tó di 2015 ni wọ́n rí i pé jíìnì TP53, tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó máa ń ní kí sẹ́ẹ̀lì tó bà jẹ́ pa ara ẹ̀, ẹyọ kan la ń gbà lọ́wọ́ bàbá, ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá, erin sì ń gba bí ogún lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Erin tó wà nínú igbó ọba Pendjari lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé kiri nìyẹn.

Ìbéèrè: Kókó ẹran pupa kan yọ nídìí abo ajá mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. Ará ilé ní jẹjẹrẹ ni, pé ó lè ran àwọn ọmọ. Ṣé kí n lé e jáde ni? (Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má lé e o. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́, torí ọ̀kan wà tí ajá ń kó ran ajá tí wọ́n bá gùn tàbí tí wọ́n bá lá ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà gan-an ló ń ṣí láti ara ajá kan bọ́ sára èkejì, ara ajá kan ṣoṣo tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ajá ti jẹrà, jẹjẹrẹ ẹ̀ ò kú! Irú ẹ̀ wà ní erékùṣù Tasmania ní Ọsirélíà, níbi tí ẹranko dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Tasmanian devil ti ń kó o ran ara wọn tí wọ́n bá fi ẹnu bu ara wọn jẹ, wọ́n rí i lọ́dún 1996, ó ti run púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù ti ń yàtọ̀, jíìnì wọn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà.

Ti ajá ò ń ran èèyàn, ẹ fi àwọn ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kó yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá jẹ́ òun ni, abẹ́rẹ́ vincristine ni wọ́n máa ń gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń gbọ́ oògùn dáadáa. Kó tó parí, ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn akọ àdúgbò sún mọ́ ọn.