Báwo ni sosiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ), tiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run) àti ẹ̀kọ́ ìsìn (èyí tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé) ṣe bá ara wọn tan?

Ẹ̀sìn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò, ìbéèrè wọn ló yàtọ̀. Inú ìgbàgbọ́ ni onítiọ́lọ́jì ti ń sọ̀rọ̀: ta ni Ọlọ́run, kí ló ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀dá? Onísosiọ́lọ́jì kì í dá sí bóyá Ọlọ́run wà. Iṣẹ́ tí ẹ̀sìn ń ṣe láwùjọ ló ń wá. Nínú ìwé tí Émile Durkheim, onísosiọ́lọ́jì ará Faransé (ọmọ rábì, olórí ẹ̀sìn Júù, ni o, bẹ́ẹ̀ kò gba Ọlọ́run gbọ́), tẹ̀ jáde lọ́dún 1912, ó ní ẹ̀sìn ló ń so àwùjọ pọ̀. Max Weber, onísosiọ́lọ́jì ará Jámánì, ní tiẹ̀ wo bí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin (aṣáájú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì) ṣe yí ojú tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ àti owó padà. Kò sì lè ṣe é láìjẹ́ pé ó ka ìwé tiọ́lọ́jì wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ̀kọ́ ìsìn ń yá nǹkan lọ́wọ́ méjèèjì: tiọ́lọ́jì fún un ní ohun tí ẹlẹ́sìn gbà gbọ́, sosiọ́lọ́jì fún un ní bí wọ́n ṣe ń fi í gbé ayé. Nílé ìwé tó jẹ́ ti ìjọ, tiọ́lọ́jì ló sábà máa ń borí.