Ẹnjiníà tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lókè òkun: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò mi láti Ìgbógbó, mo ti ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe ẹnjiníà ìkọ́lé lórí sáìtì, o ti pé ọmọ ọdún 36, ìwé Kánádà rẹ ti jáde, o sì fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Sábó wá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé páálí ni wàá máa gbé, pé ọjọ́ ti lọ. O ní kí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i dá ọ lóhùn.

Wàá gbé páálí. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ Ìpakodò ni mí, ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà tí mo balẹ̀ sí Toronto ní 2007. Èmi tí àwọn bíríkìlà Òdógùnyán ń pè ní "Ọ̀gá Ẹnjiníà", ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́fà ìdájí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 23 ló ń sọ ibi tí màá to nǹkan sí fún mi. Oṣù 14 gbáko. Iṣẹ́ yẹn le, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fà mí sẹ́yìn. Irọ́ tí mo pa ni.

Ẹja ni màmá mi ń tà ní Ẹ̀bútè nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni wọ́n pè mí: "Àjàní, ṣé wọ́n ti fún ẹ ní ọ́fíìsì?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màámi." Ó parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹnjiníà Kánádà lẹ́nu gbogbo ará àdúgbò. Mo sì nílò lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olùkọ́ mi àtijọ́ kí n tó lè padà sílé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀wé sí i pé inú ilé búrẹ́dì ni mo wà? Mi ò kọ ọ́. Ọdún méjì gba ibẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́, ẹ̀rín ni màmá mi bú sí: "Irú ọ́fíìsì wo ni ẹ̀rọ ti ń ké lẹ́yìn ẹ bí ẹ̀rọ ìlọta?" Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Olùkọ́ yẹn náà sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹni tó là mí lójú kí n tó lè jẹ́wọ́, ó ti kú kí n tó di ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìwọ náà á ti gbọ́ orúkọ Timoshenko níwájú pátákó, ẹnjiníà tó kọ ìwé tí àwa ẹnjiníà fi ń kẹ́kọ̀ọ́ bí ohun tí a kọ́ ṣe ń ru ẹrù. Fọ́tòkọ́pì ìwé rẹ̀ tèmi kò ní èèpo mọ́, àtùpà ni mo sì fi kà á. (Ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin tí wọ́n kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì kò jìnnà sí wa o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.) Mo ti gbà pé ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá náà, àfi ìgbà tí mo ka ìtàn rẹ̀ ní ilé ìkàwé ìjọba kan ní Toronto, lọ́jọ́ tí mo wọlé lọ yá iná nítorí òtútù.

Abúlé kan ní Ukraine ni wọ́n bí i sí ní 1878, abẹ́ Rọ́ṣíà ni ibẹ̀ wà nígbà náà. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ojú irin ní St. Petersburg, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kiev, ìjọba sì yọ ọ́ níṣẹ́ ní 1911. Ogun dé, ìlú dàrú, ó di èrò Zagreb, ìlú kan tó wà ní Croatia lónìí, ní 1920. Kò gbọ́ èdè wọn dáadáa. Èdè Rọ́ṣíà ló fi ń kọ́ wọn, tó ń há ọ̀rọ̀ tiwọn tó bá mọ̀ sí i láàárín, wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ń wò mí lẹ́nu bí mo ṣe ń gbé H mì, bàbá yìí ni mo máa ń rántí.

Ní 1922 ó wọ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 43, ọ̀jọ̀gbọ́n àná, ó lọ gbaṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Philadelphia. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bọ́ sí Westinghouse, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà tó bá níbẹ̀ kọ́ kò jinlẹ̀ tó tiwọn ní Rọ́ṣíà, ló bá ń kọ́ wọn. Ìkọ́ni ló gbé e dé Yunifásítì Michigan ní 1927, tó sì tún gbé e dé Stanford ní 1936. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní ASME dá àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 1957, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fún.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù kò sí nínú Stanford. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí bíìmù, ìyẹn igi tàbí irin tí wọ́n gbé dábùú láti ru ẹrù, 1921 ló ti gbé e jáde, kó tó fojú kan Amẹ́ríkà. Gbé pákó gígùn lé búlọ́ọ̀kù méjì, kí o dúró láàárín: títẹ̀ ni yóò máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí pákó bá kúrú tó sì nípọn, àwọn ìpele inú rẹ̀ tún ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí ara wọn bí òkìtì ìwé tí èèyàn fọwọ́ tì lókè. Ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa nílé ìwé kì í ka yíyọ̀ gẹ̀rẹ̀ yẹn sí. Bàbá yìí kà á sí, orúkọ rẹ̀ sì ń bẹ lára irú bíìmù bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ di èèyàn ńlá ti wà nínú àpò rẹ̀ nígbà tó ń wá iṣẹ́ kiri.

Èmi náà yẹ àpò mi wò. Kí ni mo ní? Àìsí iná ti jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣírò ilé alájà mẹ́rin láìfojú kan kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ìyà lásán ni, àfi ìgbà tí mo padà sílé ìwé tí mo rí i pé àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ń gba ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún wọn gbọ́. Ọ̀gá mi nílé ìwé fún mi ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan láti máa kọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti láísẹ́ǹsì ẹnjiníà, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́ bó ṣe bà mí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀ ní Kánádà. Nígbà tèmi, ó kéré tán ọdún kan nínú ìrírí rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí o ní ní Kánádà, lábẹ́ ẹnjiníà ibẹ̀. Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, ti yọ ìyẹn kúrò ní 2023. Ṣùgbọ́n béèrè fún transcript rẹ, ìyẹn ìwé èsì ìdánwò rẹ láti yunifásítì, báyìí, kí o tó ta mọ́tò. Tèmi gba oṣù 19, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà.

Tí o bá ní ìyàwó, ẹ jọ sọ̀rọ̀ owó dáadáa. Owó nọ́ọ̀sì ìyàwó mi la jẹ fún ọdún mẹ́fà, ó sì máa ń rán mi létí.

Ímeèlì 63 ni mo kọ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí wọ́n gbà mí. Mẹ́rin dáhùn, ẹnì kan ló ní kí n máa bọ̀. Ogún àkọ́kọ́ tí mo kọ, oyè ni mo ń to síwájú orúkọ wọn, mi ò sì ka iṣẹ́ ẹnì kankan nínú wọn. Kọ tìẹ síbí kí o tó fi ránṣẹ́, kí n bá ẹ wò ó.