ẸNJINÍÀ Ń DÁHÙN: FE méje ló wà níwájú mi, èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agric engineering ni mo kà ní Naija, mo sìnrú ìlú tán, mo bá wá sí Houston wá ṣe másítàsì nínú environmental engineering, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ọ́fíìsì kékeré kan ti gbà mí, gọ́tà àti ojú àgbàrá la máa ń ya àwòrán ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ṣe ìdánwò FE (Fundamentals of Engineering, ìdánwò àkọ́kọ́ lọ́nà láísẹ́nsì ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà) láàárín ọdún yìí. Mo ní kó dáa, mo lọ wò ó, mo bá ẹ̀ka méje níbẹ̀! Àwọn ọmọ Naija tá a jọ ń gbé sọ pé Other Disciplines (ẹ̀ka àpapọ̀) ló rọrùn jù, òun ni gbogbo èèyàn ń ṣe. Ẹnì kan ní Environmental, torí másítàsì mi. Ọ̀gá mi ní Civil. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní kọ́ńpìnì epo tiẹ̀ ní kí n má fowó mi ṣòfò, pé látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ kò tíì sẹ́ni tó bi òun ní láísẹ́nsì rí. Ẹ gbà mí o, orí mi ti dàrú. — Àbúrò yín ní Houston.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire másítàsì o, o sì kú oríire iṣẹ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ kúrò ńlẹ̀, torí kò parọ́, àmọ́ bàtà tiẹ̀ ò bá ẹ lẹ́sẹ̀ mu. Ẹni tó wà nínú fáktìrì tàbí kọ́ńpìnì epo, tó jẹ́ pé nǹkan kọ́ńpìnì náà ló ń bójú tó, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà á láyè kó ṣe é láìní PE (Professional Engineer, láísẹ́nsì ẹnjiníà gan-an). Ìwọ ńkọ́? Ojú àgbàrá lò ń yà, omi yẹn á gba iwájú ilé onílé kọjá, ní Houston tẹ́nikẹ́ni ò tíì gbàgbé omi ìjì Harvey ọdún 2017. Àwòrán yẹn ò lè jáde lọ́ọ́fíìsì yín tí ẹnjiníà kan tó ní PE ò bá tíì lu òǹtẹ̀ sí i. Ní Texas yẹn kan náà, lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, iléèwé kan bú gbàmù ní New London, gáàsì ló ń jò lábẹ́ ilé tẹ́nikẹ́ni ò gbóòórùn ẹ̀, ọmọ iléèwé àti tíṣà tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ẹnjiníà fáráàlú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Nítorí náà ọ̀gá ẹ kàn ń wá ẹni tó máa lè lu òǹtẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni, má bá a jiyàn.

Ó ku èwo lo máa mú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé FE kì í dè ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó o bá ṣe FE Mechanical lónìí, kò sóhun tó ní kó o má ṣe ìdánwò PE Civil lọ́la. Èyíkéyìí tó o bá yege nínú ẹ̀, òun lo máa fi gba ìwé EIT (Engineer in Training, ẹnjiníà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́), tó o bá wá ti ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin, o lè máa lé láísẹ́nsì PE. Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń sọ pé mú èyí tó rọrùn jù jàre, ṣebí ìkan náà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ ta ló rọrùn fún?

Ẹ̀mi náà gbọ́ "ó rọrùn" yẹn. Civil ni mo kà, ọdún 2016 ni mo fẹ́ ṣe FE, mo kórìíra geotech (ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ tá a ń kọ́lé lé) bí nǹkan míì, ẹnì kan wá sọ fún mi pé kò sí geotech nínú Other Disciplines, kò sí transportation, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ohun tí kò sọ fún mi, tí èmi ọ̀lẹ náà ò sì lọ kà, ni pé thermodynamics àti heat transfer (ẹ̀kọ́ nípa ooru) wà ńbẹ̀, iná mànàmáná wà ńbẹ̀, chemistry wà ńbẹ̀, dynamics (ẹ̀kọ́ nípa nǹkan tó ń rìn) tiẹ̀ tún pọ̀ ju ti Civil lọ. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè nípa bí fíríìjì ṣe ń ṣiṣẹ́ jáde, mo wò ó, ó wò mí. Mo feeli pátápátá, Civil tí mo sá fún ni mo padà lọ ṣe.

NCEES tó ń ṣe ìdánwò náà ti kọ ohun tí wọ́n máa bi síta fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ Civil àti Other Disciplines jáde kó o tẹ́ ẹ síra wọn. Lára ìbéèrè 110, Civil máa bi ẹ́ ní 10 sí 15 lórí omi àti àyíká, 10 sí 15 lórí ilẹ̀, 6 sí 9 lórí surveying (wíwọn ilẹ̀), 6 sí 9 lórí fluid mechanics (bí omi ṣe ń ṣàn). Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe agric engineering tó o kà nìyẹn? Ta ló kọ́ yín ní irrigation àti àgbàrá tó ń wọ́ ilẹ̀ lọ? Ibi tó máa nira fún ẹ ni structural (10 sí 15) àti transportation (9 sí 14), o ò kà á dáadáa rí, o máa jókòó tì í.

Environmental náà ò burú fún ẹ, mi ò ní purọ́, ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó yá ẹ ju Civil lọ torí másítàsì yẹn ṣì gbóná lórí ẹ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tó o máa fi kàwé, oṣù mẹ́ta ni níbi méjèèjì. Tó bá jẹ́ Civil lo fi kà, ohun tó o kà á máa bá ẹ pàdé lórí tábìlì lọ́ọ́fíìsì, tó bá sì di ọjọ́ PE, Civil ti Water Resources and Environmental lọ̀gá ẹ máa ní kó o ṣe, wàá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tipẹ́. Èmi á mú Civil. Má ṣáà tíì sanwó ($225 ni) o. Wá ogún ìbéèrè transportation àti ogún ti structural, fi ọ̀sẹ̀ méjì bá wọn jà. Tó o bá rí i pé kò wọlé rárá, yí sí Environmental, kò sẹ́ni tó máa bú ẹ. Other Disciplines ni mi ò ní kó o sún mọ́.

Ẹnì kan á tún fi pass rate hàn ẹ́, pé wo ìdá tó ń yege ńbí, wo ìdá tó ń yege lọ́hùn-ún. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe irú èèyàn kan náà, ẹlòmíì ò tíì jáde iléèwé, ẹlòmíì ti jáde lọ́dún mẹ́wàá. Gbójú kúrò.

Nípa ọjọ́ yẹn fúnra ẹ̀: wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú lo ní fún 110, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìkan. Kò sẹ́ni tó máa yọ máàkì fún èyí tó o ṣì, torí náà má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo. Handbook (ìwé fọ́múlà ìdánwò náà) tí wọ́n máa ṣí fún ẹ lójú kọ̀ǹpútà, wà á jáde sórí kọ̀ǹpútà ẹ láti ìsinsìnyí, inú ẹ̀ ni kó o ti máa wá fọ́múlà nígbà tó o bá ń kàwé, má lo ìwé míì. Wọn ò ní jẹ́ kó o mú bébà wọlé, bíróò tó ṣeé nù àti ìwé ẹ̀ tó ń dán ni wọ́n máa gbé fún ẹ, ọwọ́ ẹ máa dọ̀tí. Calculator fx-82MS tí gbogbo wa fi jẹ WAEC ò wọ ibẹ̀ o! Casio fx-115 tàbí fx-991, TI-30X tàbí TI-36X, HP 33s tàbí 35s nìkan ni, lọ ra tìẹ báyìí kí ọwọ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Orúkọ tó o bá kọ sílẹ̀ fún wọn, kó bá ti páàsípọ́ọ̀tì ẹ mu, má lọ gé e kúrú torí àwọn òyìnbó ò lè pè é.

Ohun tó kù tó máa pẹ́ jù gbogbo ẹ̀ lọ kì í ṣe ìdánwò rárá. Tó bá tó àsìkò láísẹ́nsì, àwọn tó ń fúnni ní in lè fẹ́ gbé dìgírì Naija ẹ yẹ̀ wò bóyá ó bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba, transcript sì gbọ́dọ̀ tọwọ́ iléèwé ẹ gan-an wá. O mọ bí transcript ṣe máa ń rí nílé. Pe ẹnì kan tó máa lè lọ dúró ní rẹ́jísírì lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, kó o sì ti múra owó mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀.