Gìrì ń bẹ nílé ọkọ mi, síbẹ̀ ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ èéyi

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọmọ yín máa gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, pé gìrì máa ń mú àwọn ọmọ nílé ọkọ yín, ìyá ọkọ yín sì ní kí ẹ má gbé e lọ. Ojú mi ti rí i, níbí ní Ṣágámù.

Àkọ́bí mi gba abẹ́rẹ́ èéyi, èyí tí nọ́ọ̀sì ń pè ní measles. Lóru ọjọ́ kẹjọ, ara rẹ̀ gbóná janjan, ojú rẹ̀ yí sókè, tọwọ́ tẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ mi ti gbé àgbo gìrì dé, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti tábà ṣe. Ọlọ́run ló ní kí ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu ọmọ láé. Ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́ síbẹ̀.) Gìrì náà lọ kí a tó dé ọsibítù.

Nítorí náà, mi ò jẹ́ kí èkejì gba tiẹ̀. Ó pé oṣù 14, èéyi wọ àdúgbò wa. Ara rẹ̀ sú láti orí dé ẹsẹ̀, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, àyà rẹ̀ dì, kò lè mu ọyàn. Ọjọ́ 9 la lò ní ọsibítù. Gìrì tí mo ń sá fún náà ló tún bá mi níbẹ̀, àìsàn sì lé e lórí. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí bóyá gìrì mú ọkọ mi ní kékeré. Ó mú un, ó mú àbúrò rẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì náà ní ibà ló ń fa irú gìrì yìí láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, ó máa ń wà nínú ẹbí, kì í ṣe wárápá. Ti ẹbí nìkan kò ní kí ọmọ má gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ kan bá ti mú kí ojú ọmọ wú tí kò sì lè mí dáadáa rí, tàbí tí gìrì ń mú un láìsí ibà, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, mo sọ ọ̀rọ̀ gìrì ilé wa fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un. Ibà abẹ́rẹ́ yìí sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 7 sí 12, mo bá sàmì sí àwọn ọjọ́ náà. Ó bọ́ sí àsìkò Ojúde Ọba, mi ò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ibà dé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo fún un ní parasitámọ́ọ̀lù bí ó ṣe wọ̀n tó, kí ara lè tù ú, torí kì í dènà gìrì. Mo tún gbé e lọ ṣàyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Gìrì kò wá. Ká ní ó wá ni, mo ti mọ̀: ẹ fi ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago, tó bá ti ń lé ní ìṣẹ́jú 5, ọsibítù kíá.

Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n fojú rí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn bi nọ́ọ̀sì.