Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Báwo Ni A Ṣe Ń Fi Etí Wọn Ampilifáyà?

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú nínú àwọn tí ẹ kọ sí wa lórí ohùn ampilifáyà sítẹ́ríò inú ilé, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fún orin ní agbára kí ó tó dé sípíkà. Ti àkọ́kọ́ ni ó gba ààyè jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn yòókù ti jáde.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra ampilifáyà tuntun láti fi rọ́pò èyí tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ sípíkà, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé n kò gbọ́ àwọn orin náà rí: ohùn olórin mọ́, béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) sì rinlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mo dá ti àtijọ́ padà láti fi wé e, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ìyàtọ̀ kan wà. Ṣé etí mi ni ó ń tàn mí ni, àbí owó ni mo fi ṣòfò?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bínú sí etí yín, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́ le ju bí ó ti hàn lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á wádìí ni bóyá àwọn ampilifáyà méjèèjì ń pariwo ní ìwọ̀n kan náà nígbà tí ẹ ń fi wọ́n wéra. Bí orin kan náà bá fi díẹ̀ ròkè ní ìgbà kejì, tí ohun tí ó fi ròkè kò tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó), etí kì í sábà sọ fún wa pé ó pariwo jù. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé èyí mọ́ jù, pé béèsì rẹ̀ kún jù, pé olórin sún mọ́ wa jù, a ó sì gba gbogbo rẹ̀ sí pé ampilifáyà tuntun ni ó fà á. Fífi bọ́tìnnì fólúùmù méjèèjì sí ojú àmì kan náà kò sì yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé bí ampilifáyà kan ṣe ń sọ iná kékeré tí ó wọ inú rẹ̀ di ńlá yàtọ̀ sí ti èkejì.

Mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni yóò bá yín yanjú rẹ̀. Ẹ wá ohùn ìdánwò kan tí kì í yí padà, tí ó wà ní hẹ́ẹ̀tìsì 1000 (ìyẹn ìgbà 1000 ni ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí ẹ lù ú láti inú ampilifáyà àkọ́kọ́, kí ẹ gbé mítà sí ojú ìwọ̀n fóòtì AC (iná tí ń lọ síwá-sẹ́yìn), kí ẹ sì fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀yìn sípíkà. Bí ó bá ka fóòtì 2.00, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ so ampilifáyà kejì, kí ẹ tan án, kí ẹ sì rọra yí fólúùmù rẹ̀ títí mítà yóò fi ka iye kan náà. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn kò bá ju fóòtì 0.02 lọ, kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò burú bí mítà yín kò bá péye pátápátá, nítorí pé àfiwé ni ẹ ń ṣe. Ohun tí ó léwu ni kí wáyà pupa àti dúdú kan ara wọn nígbà tí ampilifáyà wà ní títàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ láé.

Nígbà tí ẹ bá sì ń so wáyà padà, ẹ rí i pé pupa wọ pupa, dúdú sì wọ dúdú, lẹ́yìn sípíkà méjèèjì. Bí ẹyọ kan bá yí padà, sípíkà kan yóò máa ti afẹ́fẹ́ síwájú nígbà tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, béèsì yóò sì gbẹ, ohùn olórin tí ó yẹ kí ó dúró gedegbe láàárín sípíkà méjèèjì yóò sì fọ́n káàkiri yàrá láìní ibùdó. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń dẹ́bi irú àìsàn yìí ru ampilifáyà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrántí ni ó kàn. Àwọn ohun tín-tìn-tín inú ohùn kì í pẹ́ nínú ọpọlọ ènìyàn. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń parẹ́, ohun tí ó sì máa ń ṣẹ́kù fún wa ni èrò wa nípa ohùn náà. Ìdí nìyí tí ohun tí ẹ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn kò fi lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ti òní. Ẹ yan apá orin kúkúrú kan, kí ẹ jókòó sí ojú kan, kí ẹ má sì sún orí yín púpọ̀, nítorí pé bí orí bá kúrò ní ibi tí ó wà pẹ́rẹ́, ohùn òkè tí ó ń dé etí yóò yí padà ju bí ampilifáyà méjì tí wọ́n ṣe dáadáa ṣe máa ń yàtọ̀ síra lọ. Kí ẹlòmíràn máa bá yín ṣe pààrọ̀ ẹ̀rọ lẹ́yìn ibi tí ojú yín kò tó, kí ó má sì sọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń mọ̀ ọ́n léraléra, ìyàtọ̀ wà. Bí ẹ bá ń ṣì í bí ẹni ń ta ayò láìwo ojú ọpọ́n, a jẹ́ pé èyí tí ẹ fẹ́ràn ìrísí rẹ̀ ni kí ẹ máa lò.

Ní tèmi, ohùn ènìyàn kan ṣoṣo pẹ̀lú ohun èlò kan ni mo máa ń kọ́kọ́ lò, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ bí ènìyàn ṣe ń dún. Mo ń tẹ́tí sí èémí tí olórin mí sínú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, mo sì ń wò ó bóyá ojú kan náà ni èémí náà àti ohùn tí ó tẹ̀lé e ti wá. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbọ́ béèsì gìtá: okùn rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ jù ń dún ní nǹkan bí hẹ́ẹ̀tìsì 41, ohun tí mo sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá ohùn náà dáwọ́ dúró nígbà tí ìka dáwọ́ dúró, àbí ó ń fà rìrì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó lọ sí ibi tí orin ti kún, tí àwọn akọrin, ìlù àti fèrè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀: gbogbo wọn á di ọ̀kan, ohùn òkè á le koko, ó sì máa ń rẹ olùgbọ́ láìmọ ohun tí ó rẹ̀ ẹ́.

Ampilifáyà oní-fáàfù, èyí tí gílóòbù inú rẹ̀ ń tàn, ni ó fún mi ní ìyàtọ̀ tí ó hàn jù. Mo gbọ́ ọ̀kan tí agbára rẹ̀ wà ní nǹkan bí wáàtì 8 lórí sípíkà oríṣi méjì. Lórí èkínní, ohùn obìnrin nípọn, ó gbóná, béèsì sì wú díẹ̀; lórí èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ampilifáyà oní-tiransísítọ̀ (irú èyí tí kò lo gílóòbù) tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sípíkà ni ó fà á. Ìdènà tí sípíkà ń ṣe fún iná kì í dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ óòmù 4 (óòmù ni a fi ń wọn ìdènà yìí) níbi kan, kí ó gòkè ju 20 lọ níbòmíràn. Ampilifáyà oní-fáàfù irú yìí ní ìdènà tirẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, nítorí náà ibi tí ìdènà sípíkà bá ti ga ni ohùn ti máa ń ga pẹ̀lú. Sípíkà kejì kò ní òkè àti ìsàlẹ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ni ohùn rẹ̀ kò fi yí padà. Mo fẹ́ràn ohùn àkọ́kọ́ yẹn gan-an, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n sípíkà àti ampilifáyà ni wọ́n jọ ṣe é.

Nítorí náà, bí ampilifáyà yín méjèèjì bá jẹ́ oní-tiransísítọ̀, tí ara wọn dá, tí ẹ kò sì lò wọ́n kọjá agbára wọn, kò yà mí lẹ́nu pé ẹ kò rí ìyàtọ̀ mọ́. Bí owó kan bá tún ṣẹ́kù, sípíkà ni kí ẹ ná an lé lórí. Kí ẹ tó ná an pàápàá, ẹ gbé àwọn tí ẹ ní kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ bí béèsì yóò ṣe yí padà.

ÌBÉÈRÈ: Wáàtì 50 ni ampilifáyà mi, ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ 100. Ṣé tirẹ̀ yóò pariwo ní ìlọ́po méjì tèmi ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ohùn fi ròkè. Kí etí tó gbà pé ohùn di ìlọ́po méjì, ó ń fẹ́ nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá agbára, tí ó túmọ̀ sí pé wáàtì 500 ni ọ̀rẹ́ yín ì bá ní. Ẹ wo ìwé sípíkà yín dípò èyí. Sípíkà tí ó ń mú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 90 jáde pẹ̀lú wáàtì kan, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ibi tí ó fi mítà kan jìnnà sí i, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ṣe ohun tí èyí tí ó wà ní 84 ń ṣe.

Nínú yàrá, nígbà tí a bá ń gbọ́ orin jẹ́ẹ́jẹ́, wáàtì kan tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọ̀pá bá já lu awọ ìlù ni yòókù ń wúlò, nítorí pé ohùn yẹn lè fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 20 ga ju èyí tí ó yí i ká lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá tí kò tó ọ̀kan, èyí sì ń fẹ́ ìlọ́po 100 agbára lójijì. Bí ampilifáyà kò bá ní in, yóò gé orí ìgbì ohùn náà pẹlẹbẹ, ẹ ó sì gbọ́ tí ohùn ń ya. Iye tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni wáàtì tí wọ́n kọ fún óòmù 8 àti ti óòmù 4. Ampilifáyà tí ó ń mú 50 jáde lórí óòmù 8, tí ó sì tó 90 lórí óòmù 4, ní agbára iná lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀ sí i lórí sípíkà tí ó ṣòro fún ampilifáyà láti gbé.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ampilifáyà mi ṣiṣẹ́ fún wákàtí 200 kí n tó dá a lẹ́jọ́. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kí ó gbóná díẹ̀ dára, pàápàá fún àwọn oní-fáàfù àti àwọn Class A (irú èyí tí ń fa iná púpọ̀ nígbà gbogbo, tí ó sì máa ń gbóná), ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí tàbí bí ẹni bẹ́ẹ̀ tó fún èyí. Láàárín wákàtí 200, ohùn náà ni ó sábà máa ń mọ́ etí lára. Bí ohùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dá a padà nígbà tí ọjọ́ ìdápadà kò tíì kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ní alẹ́, nígbà tí mo bá dín fólúùmù kù kí n má baà jí àwọn ọmọ, béèsì máa ń pòórá, ohùn olórin á sì sún sí ọwọ́ òsì. Ṣé ampilifáyà mi ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀ràn méjì ni ẹ kó pọ̀. Ti béèsì wá láti ara etí ènìyàn fúnra rẹ̀: àwọn olùṣèwádìí ìró méjì, Fletcher àti Munson, fi hàn ní ọdún 1933 pé bí ohùn bá ti ń lọ sílẹ̀, etí kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ́ ti àárín. Ìdí tí wọ́n fi ń fi bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "Loudness" sí, èyí tí ń gbé béèsì ga, sára àwọn ampilifáyà kan nìyẹn. Bí tiyín bá ní in, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní alẹ́, kí ẹ sì pa á bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ gbé fólúùmù sókè.

Ti ọwọ́ òsì wá láti inú bọ́tìnnì fólúùmù. Ẹ̀yà méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà dọ́gba níbẹ̀rẹ̀ yíyí. Bí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni ẹ fi ń lu orin, ẹ dín ohùn tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kù, kí ẹ lè yí bọ́tìnnì ampilifáyà sókè díẹ̀ láìjẹ́ pé orin pariwo. Bí olórin bá padà sí àárín, kò sí ohun tí ẹ nílò láti tún ṣe. Bí ó bá ṣì wà lápá òsì pẹ̀lú bọ́tìnnì ní ìdajì ọ̀nà, ẹ pààrọ̀ wáyà ọ̀tún àti ti òsì lẹ́yìn ampilifáyà níbi tí orin ti ń wọlé: bí olórin bá sún sí ọ̀tún, ìdí àìsàn náà wà lára ẹ̀rọ tí ń lu orin tàbí wáyà rẹ̀, bí ó bá dúró sí òsì, ìdí rẹ̀ lè wà lára ampilifáyà tàbí sípíkà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń tún wọn ṣe bá yín wò ó.