Kì í ṣe gbogbo àgbájọ la fi ń sọ̀yà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹnì kan ń ṣàlàyé nínú fídíò pé òwe “àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà” ló bá àdàpọ̀ irin tuntun tí wọ́n ń pè ní high-entropy alloy mu. Ó ní bí oríṣi irin inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ tó ló ṣe ń lágbára tó, àti pé òun ni wọn yóò fi kọ́ ríákítọ̀ iná átọ́míìkì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀rọ̀ fídíò yìí ti sú mi. Bí ẹ bá ti rí nǹkan méjì tó wà pọ̀, òwe kan náà lẹ máa fà yọ.

Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, ẹ ya àwọn ìka, ẹ fi gbá àyà. Ṣé ó dún? Ó yá, ẹ ká wọn pọ̀, kí àtàǹpàkò dì wọ́n mú, ẹ tún un gbá. Ẹ gbọ́ ọ! Ìka ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn, àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni wọ́n ti hù. Ohun tí òwe yẹn ń wí nìyẹn. Kò ní kí ẹ lọ kó ogún ìka jọ láti ọwọ́ ogún èèyàn.

Ẹni tó kó ogún jọ sì wà. Brian Cantor, onímọ̀ nípa irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń wá ọ̀rọ̀ yìí láti 1981, nígbà tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Alain Vincent, wà ní Yunifásítì Sussex. Nígbà tó yá, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ́ oríṣi ogún pa pọ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpín 5 nínú 100. Kí ló jáde? Ohun tó ń fọ́ yángá, tí ara rẹ̀ ò dọ́gba. Àmọ́ apá kan wà nínú rẹ̀ tó dọ̀kan, márùn-ún ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: krómíọ̀mù, mangánísì, irin fúnra rẹ̀, kóbáltì àti níkẹ́lì. Wọ́n yọ́ àwọn márùn-ún yìí lọ́gbọọgba, wọ́n sì dọ̀kan lóòótọ́. Ní 2004 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ọdún yẹn náà ni Jien-Wei Yeh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Taiwan, tí wọ́n ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀, fún un lórúkọ tó ń jẹ́ dòní, high-entropy alloy. Ẹ ò rí i pé dídínkù ló gbà kó tó dáa! Àní ní 2022, mẹ́ta péré nínú wọn, krómíọ̀mù, kóbáltì àti níkẹ́lì, ni wọ́n dán wò nínú òtútù tó tó −253°C, tí kò sì rọrùn láti fọ́ rárá.

Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé kò sí onílé. Nínú stainless tí a fi ń ṣe ìkòkò, irin ló nilé. Krómíọ̀mù tó gba bí ìpín 18 àti níkẹ́lì tó gba bí 8, ayálégbé ni wọ́n. Nínú ti Cantor, kò sẹ́ni tó lè lé ẹnì kejì jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn ò tóbi bákan náà, nítorí náà ìlà tí átọ́ọ̀mù wọn tò sí wọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí ló mú kí àwọn oníríákítọ̀ máa wò ó. Nútírọ́ọ̀nù, èérún kékeré tó ń jáde látinú átọ́ọ̀mù nínú ríákítọ̀, máa ń gbá átọ́ọ̀mù irin kúrò láyè rẹ̀, èyí á gbá òmíràn, ihò á ṣẹ́ kù, ihò á para pọ̀, irin á wú. Níbi tí ìlà ti wọ́, èyí tí wọ́n gbá jáde kì í lè sá jìnnà, ó sì sábà máa ń padà bọ́ sínú ihò. Ìwádìí kan ní 2016 yin íọ́ọ̀nù níkẹ́lì, ìyẹn átọ́ọ̀mù níkẹ́lì tó gba iná, lu irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ dípò nútírọ́ọ̀nù. Wíwú rẹ̀ kéré púpọ̀púpọ̀ sí ti níkẹ́lì lásán.

Ẹlòmíràn á ní “ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmáà” ló bá a mu. Ẹ fìyẹn sílẹ̀.

Òwe tó bá a mu gan-an ni “bí ilé bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni ò tíì dàgbà.” Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu, ẹ ní èébú ni. Ta ló bú? Ibi tí òwe yẹn wúwo sí ni “ò tíì dàgbà”: ìgbà ló ń bá wí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí ìyá mi. Bí wọ́n bá ń yin ọkọ́ tuntun níwájú rẹ̀, òwe yìí ló máa pa, á ní kí wọ́n padà wá sọ fún òun lẹ́yìn òjò. Lónìí, bí mo bá dárúkọ ẹwìrì, àwọn ọmọ á ní ṣé fáànù ni.

Ní 2016 yẹn kan náà, àwọn kan tẹ èsì ìwádìí jáde: wọ́n fi ti Cantor sínú ooru fún 500 ọjọ́ gbáko. Ní 900°C, ilé tòrò. Ní 700°C, apá kan tó kún fún krómíọ̀mù ti yà sọ́tọ̀. Ní 500°C ńkọ́? Krómíọ̀mù bá tirẹ̀ lọ, mangánísì so mọ́ níkẹ́lì, irin so mọ́ kóbáltì. Ooru ńlá ló ń mú wọn wà pọ̀. Bó bá ti rọlẹ̀, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó wù ú, bí ìrìn wọn tiẹ̀ falẹ̀. Ìtòsí 500°C yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ríákítọ̀ tí wọ́n ń gbèrò fẹ́ máa ṣiṣẹ́, fún ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún. Kí ni 500 ọjọ́ níbẹ̀?

Ní ti kíkọ́ ríákítọ̀ tẹ́ ẹ béèrè, kóbáltì ò ní jẹ́. Bí nútírọ́ọ̀nù bá ti wọ inú rẹ̀, ó di kóbáltì 60, tó ń tú ìtànṣán líle jáde. Ó ju ọdún márùn-ún lọ kó tó dín sí ìdajì, àwọn tó fẹ́ wọlé tún nǹkan ṣe níbẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀. Àwọn ará Oak Ridge, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Tennessee, ti yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n dán wò: irin, níkẹ́lì, mangánísì àti krómíọ̀mù ló kù, mẹ́rin péré.