Ọmọ mi bi mí pé àwọn wo ni ẹgbẹ́ òun

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Lọ́dún 2020 tí kòrónà lé gbogbo ọmọ wálé, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, èmi àti ọkọ mi rí i pé ìwé ti yé wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a kò sì dá wọn padà mọ́. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọdún 14 báyìí, iṣẹ́ ẹnjiníà ló lóun fẹ́ kà ní fásitì. Físíìsì rẹ̀ ti ń ju agbára mi lọ, ẹ̀rù WAEC àti JAMB sì ń bà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá mi rí ilé ìwé tó máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC bó bá tó àsìkò, kò tiẹ̀ ní wọ kíláàsì wọn. Màmá ọkọ mi, tí wọ́n fi ọdún 35 ṣe tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní mo so ọmọ àwọn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ yìí gbé orí sókè nídìí ìwé, ó ní, 'Mọ́mì, àwọn wo gan-an ni ẹgbẹ́ mi?' Mi ò rí èsì fọ̀. Àbí mo ti ba ọmọ mi jẹ́ ni?"
— Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Àbúrò mi,

O kò ba ọmọ kankan jẹ́. Ọmọ tó lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó bi í ní irú ìbéèrè yẹn láìbẹ̀rù, ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ló ti ń dàgbà. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ ìdánwò ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yẹn ló mú ọ kọ̀wé. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ohun tó lè ṣe é ní jàǹbá kúrò lójú ọ̀nà.

Ilé ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ọ rí yẹn, má gbé ẹsẹ̀ débẹ̀. Gbogbo ọmọ tí ilé ìwé bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, wọ́n gbọ́dọ̀ fi máàkì CA rẹ̀ ránṣẹ́, ìyẹn máàkì iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ ní kíláàsì láti SS1. Ọmọ rẹ kò jókòó sí kíláàsì wọn rí. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí máàkì? Wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ ni. Ilé ìwé tí kò sì ka ìyẹn sí nǹkan kan, kò ní ka ìyókù náà sí nǹkan kan. Bó bá di ọjọ́ ìdánwò, ẹnì kan á dúró síwájú gbọ̀ngàn, á máa ka ìdáhùn. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní "miracle centre" nìyẹn, bí àṣírí bá sì tú, èsì gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ló lè lọ. Ọmọ tí o ti fi òtítọ́ kọ́ láti ọdún 2020, tó bá wá rí i pé irọ́ ni ìyá òun fi ṣí ilẹ̀kùn ìkẹyìn fún òun, kí lo rò pé ó máa kọ́ nínú ìyẹn?

Ọ̀nà tó tọ́ wà, kò sì fara sin. WAEC ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní GCE. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èkejì ní ìdajì ìkejì ọdún. NECO náà ní tirẹ̀ ní apá ìparí ọdún. Fásitì ń gba ìwé ẹ̀rí wọn. Krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n máa béèrè, fún ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fásitì ń gba ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n pa pọ̀, àwọn kan kì í gbà ju ẹyọ kan lọ fún àwọn iṣẹ́ kan, nítorí náà ka ohun tí JAMB kọ nípa fásitì tó wù ú kí o tó sanwó ohunkóhun.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé kì í mọ̀ títí á fi kù díẹ̀. Ìdánwò apá kẹta nínú Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, inú lábù ni ọmọ ilé ìwé ti máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó ń ṣe GCE, orí ìwé ni wọ́n ti máa bi í. Wọ́n á ya àwòrán irinṣẹ́ fún un, á ka ohun tí ojú ìwọ̀n sọ, á ya gíráàfù, á sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún. Bí o bá gbọ́ ìyẹn, ọkàn rẹ lè balẹ̀ pé kò nílò lábù. Má jẹ́ kó balẹ̀. Ẹni tí kò di búrétì mú rí, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi ní lábù, tí kò tẹ̀ ba kí ojú rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí omi dé, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ kòtò láàárín ni wọ́n ti ń kà á? Á há a sórí, á sì gbàgbé. Ọdún kìn-ín-ní ní fásitì, inú lábù ni wọ́n á jù ú sí, wọn ò ní bi í bóyá ilé ló ti kàwé. Wá ilé ìwé tó ní lábù tòótọ́ tàbí ibi lẹ́sìnnì tó mọ iṣẹ́, kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn ọjọ́ Sátidé. Èyí tó bá ṣeé ṣe nílé, kó ṣe é nílé. Kó so òkúta kékeré mọ́ okùn, kó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kó ka lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ nígbà 20, kí fóònù bá a ka àsìkò. Kó gé okùn kúrú, kó tún kà á, kó ya gíráàfù. Àwọn àbúrò rẹ̀ á máa wò ó, wọ́n á sì fẹ́ bá a kà á.

Ti JAMB, àsìkò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ́dún 2024, ìjọba kọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 18 ló máa wọ fásitì, nígbà tó yá wọ́n dá a padà sí 16. Ọmọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 14. Kí ló wá ń lé e? Jẹ́ kó ṣe GCE ti ìdajì ìkejì ọdún nígbà tó bá wà ní ọmọ 15, kí èsì yẹn ti wà nílẹ̀, kó tó wá jókòó sí JAMB lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èsì WAEC kì í kú, ṣùgbọ́n ti JAMB, ọdún tí èèyàn bá ṣe é náà ló máa lò ó. Ẹni tó bá fi JAMB ṣíwájú tí krẹ́díìtì rẹ̀ kò sì pé, á tún un ṣe ni. Kí o sì tètè yẹ NIN rẹ̀ wò. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti GCE àti ti JAMB mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Mo ti rí ọmọ tó ń sáré kiri fún oṣù mẹ́ta nítorí wọ́n gbàgbé "h" nínú orúkọ rẹ̀.

(Àwọn àbúrò rẹ̀, tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Òfin UBE ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí òbí rí i pé ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí o béèrè bí wọ́n ṣe lè jókòó sí ìdánwò JSS3. Má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá wá bi ọ́.)

Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ lórí ìdánwò, kì í ṣe orí fọ́ọ̀mù. Àsìkò ni. Aládùúgbò mi kan kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nílé dé ọmọ ọdún 16. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé àgbàlagbà ń bi í ní nǹkan. Ó lọ ṣe GCE, ó bọ́ sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ojú ewé mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ìgbà tó máa gbé ojú sókè, àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ olùṣọ́ ìdánwò pé kó fún òun ní àsìkò díẹ̀ sí i, nítorí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. Ìyá yẹn kò kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ìfẹ́ ni. Kò sígbà kankan tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì parí. Ìbéèrè 180 ni JAMB máa bi ọmọ rẹ láàárín wákàtí méjì, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ìbéèrè kan, lórí kọ̀ǹpútà, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Láti ìsinsìnyí lọ, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, jẹ́ kó ṣe ìbéèrè ọdún tó ti kọjá níbi tí kì í ṣe ilé yín, lójú ẹni tí kì í ṣe ìwọ. Bí àsìkò bá pé, kí wọ́n gba ìwé. Kí ẹlòmíràn máàkì rẹ̀. Bó bá gba 38, jẹ́ kó gbé 38 yẹn wálé, má bá a ṣàlàyé rẹ̀ dànù.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ gan-an. O ní Físíìsì rẹ̀ ti ń ju agbára rẹ lọ, o sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ayàn tó ń kọ́ ọmọ ní ìlù, ìgbà kan ń bọ̀ tó máa ní kí ọmọ lọ tẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ sóde, kó lọ gbọ́ ọwọ́ mìíràn. Wá tíṣà Físíìsì fún un, àti ti Ìṣirò bí ọwọ́ bá tó o. Ṣùgbọ́n má jókòó tì wọ́n. Lọ dáná. Jẹ́ kó ní àṣìṣe tí ìwọ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn wo ni ẹgbẹ́ rẹ̀? Àbúrò mi, o kò lè dáhùn ìbéèrè yìí fún un. Ọmọ ọdún 14 ní àbúrò, ó ní òbí, ó ní ìwé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ẹni tí ẹ jọ ń jà tí ẹ jọ ń parí rẹ̀ láìsí ìyá ẹnì kankan níbẹ̀. Ní ilé àwọn ọmọ fásitì, òun àti àjèjì mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n máa jọ sùn nínú yàrá kan, wọ́n á jọ tò fún omi, ẹnì kan á yá ìkòkò rẹ̀ kò ní dá a padà. Mo ti rí ọmọ tó gba máàkì ńlá nínú JAMB, tó sì sunkún wálé kí sáà kìn-ín-ní tó parí, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé "mi ò fẹ́". Ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà. Jẹ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń so sólà tàbí ti rewáyà nígbà ọlidé, kó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù, kó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá bá a wí. Á rí ohun tí Físíìsì ń sọ, á sì rí ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe ohun kankan nínú gbogbo èyí, ìwọ àti bàbá rẹ̀ ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í bóyá ilé ló fẹ́ wà tàbí ilé ìwé ló fẹ́ lọ. Ọmọ 14, SS1 gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bó bá ní ilé ìwé lòun fẹ́, ẹ mú un lọ, ilé ìwé tòótọ́ tó máa wọ kíláàsì rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọdún tí o fi kọ́ ọ nílé kò ṣòfò. Bó bá ní ilé lòun ṣì fẹ́ wà, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, á sì gbé e bí ohun tó yàn. Má bi í bí o bá ti mọ èsì tí o fẹ́ gbọ́. Mo sọ èyí nítorí mo fura pé díẹ̀ nínú ohun tó dá a dúró sílé ni ìjà ìwọ àti màmá ọkọ rẹ. O kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àwọn ti wí i. Ọmọ rẹ sì wà láàárín yín.

Èmi ò sí lẹ́yìn màmá lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn. Ó dùn ọ́, ó sì yẹ kó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún 35 dúró níwájú pátákó ló wà nínú ẹbí rẹ, ìwọ sì ń wá tíṣà kiri. Ṣé Yorùbá wà nínú ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe ní GCE? Bí kò bá sí, fi sí i. Èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni wọ́n máa bi í, ta ló sì lè kọ́ ọ ní òwe àti àṣà ìsọmọlórúkọ ju ìyá bàbá rẹ̀ lọ? Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń máàkì, wọn ò sì ní fún un ní àsìkò sí i.

Tẹ sílébọ́ọ̀sì Yorùbá ti WAEC jáde, kí ẹ lọ kí màmá lọ́jọ́ Sátidé. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé e fún wọn, kó dọ̀bálẹ̀ kó ní kí wọ́n kọ́ òun. Ìwọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, má dá sí i.